Kápù Nọ́ńbà Mẹ́wàá

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í bẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan ní Köpenick, ní Berlin, níwájú òyìnbó tí n kò mọ̀ rí. Ọkùnrin náà rò pé mo ṣubú ni, ó ń sáré lọ gbé omi. Mo ní n kò ṣubú o, kápù nọ́ńbà mẹ́wàá ni mo ń wá.

Kápù ni ohun kékeré bíi fìlà ọmọlangidi tí wọ́n ń dé lé ìbọn àtijọ́. Bí òòlù ìbọn bá gbá a, iná á bọ́ sínú ẹ̀tù, ìbọn á dún. Láìsí kápù, irin lásán lẹ gbé lọ́wọ́.

Bàbá mi, Akínlabí, ló kú ní Steilshoop, ní Hamburg. Ọjọ́ kejì, Friday, la fẹ́ sin wọ́n. Ọmọ ọdẹ ni wọ́n. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní èbúté kò mú wọn gbàgbé. Wọ́n ra ìbọn àtijọ́ kan, wọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn ní Harburg. Ní agboolé wọn, ọdẹ kì í wọ ilẹ̀ kí ìbọn rẹ̀ má dún. Àkọ́bí ni yóò yìn ín, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló sì lè gbìyànjú. Bí ìbọn bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òkú ló kọ ọmọ. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè.

Èmi Ayọ̀níkẹ́ ni àkọ́bí. Ọdún méjì ni mo fi bá bàbá mi yodì, torí wọ́n pe Chloe, ọmọ mi, ní ọmọ tí kò ní bàbá. Lójú ọmọ náà! Mo kó ẹrù mi padà sí Hellersdorf ní Berlin, n kò débẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú, wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo wo fóònù títí ó fi dákẹ́. Orí kunkun ni mo jogún, ibi tí mo ti jogún rẹ̀ kò sì jìnnà.

Sophie ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ìyá àgbà òyìnbó yìí ló ń bójú tó ibi ìyìnbọn ní Harburg, òun ló sì ní ìwé àṣẹ ẹ̀tù. Ó pè mí ní Wednesday pé òun dán kápù inú àpótí Bàbá wò, kò sí èyí tó dáhùn. Tirẹ̀ tóbi jù fún ìbọn Bàbá, nọ́ńbà mẹ́wàá ni ìyẹn ń lò. Ní Hamburg, kò sí. Póòsìtì kò sì ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ dé ní Berlin. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni gbogbo wọ́n ní. Ẹnì kan ní kí n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè fún. Sophie pariwo lórí fóònù: "Dán an wò! Kó fò sí ọ lójú!"

Ọkùnrin Köpenick yìí ló wá gbé agolo kan jáde, ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà mẹ́wàá. Ó mú ẹyọ kan, ó dé e lé ìbọn kan kí n lè rí bó ṣe ń mú ṣinṣin, ó yọ ọ́, ó fún mi. Agolo ti wà nínú àpò. Mo fi rìsíìtì wé ẹyọ kan náà, mo sọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì. Mo gbé Chloe sínú mọ́tò, mo gba A24, ọ̀nà Hamburg, bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ní Steilshoop, ìyá mi ní kí n gbé agolo sórí tábìlì, kí n jẹun. Mo sùn bí òkúta.

Àárọ̀ Friday, kí a tó lọ sin wọ́n, a pé sí ibi ìyìnbọn ní Harburg. Sophie rọ ẹ̀tù sínú ìbọn Bàbá, kò fi ọta sí i. Mo dé kápù, mo fa ìfàbọn.

Ka.

Kò sí nǹkan. Ìyá mi, nínú aṣọ funfun Aládùúrà wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù. Mo dé òmíràn.

Ka.

Bàbá kọ̀ mí. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò dáhùn. Àwọn náà kò ní dá mi lóhùn. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, n kò tijú.

"Mama, das riecht wie Omas Öl," ni Chloe wí, pé ó ń rùn bí òróró ìyá mi. Ó ti gbé imú sínú agolo.

Sophie fi ìka kan kápù, ìka rẹ̀ ń dán. A wo ìyá mi.

"Mo kàn ta òróró àdúrà sí i lálẹ́ àná ni," ni wọ́n wí. "Nǹkan tó ń bú gbàù, ṣé n ó gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́ just like that?"

"Òróró ń pa kápù," ni Sophie wí nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Ti inú àpótí Akínlabí ńkọ́?"

"Ìyẹn náà. Àtọjọ́ tẹ́ ẹ ti jà. Inú tó ń bí i nígbà yẹn ló ń já mi láyà."

Sophie jókòó. "Lẹ́yìn ìjà yẹn ló wá síbí," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbọn kọ̀ fún un. Ó gbé e kọ́, kò tún fọwọ́ kàn án. Ó ní ìbọn náà mọ̀ pé òun ti ṣẹ ọmọ òun, pé kò ní dún títí òun ó fi bẹ̀ ẹ́."

Kí wọ́n bẹ̀ mí. Ìdí tí wọ́n fi pè nìyẹn.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mo rántí pọ́ọ̀sì. Mo tú rìsíìtì. Kápù kan ṣoṣo, gbígbẹ. Ìyá mi ká ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Sophie nu orí ìbọn mọ́, ó sì sún sẹ́yìn. Mo dé e, mo fa ìfàbọn.

Ó dún. Èéfín bo ojú mi.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ máa wí. Mò ń gbọ́."