Ìbọn Tí Delbert Yàn, Tí Orrin Rà

Ọdún kan gbáko ni Delbert Voigt fi yan ìbọn náà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, kànga ló ń gbẹ́ fún àwọn olóko ní ìlà-oòrùn Montana. Láti kékeré ló ti ń fi ìbọn ọdẹ pa àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ohun tó wá wù ú lójú àgbà ni ìbọn ológun, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ará ìlú: ti sójà ni látòkè délẹ̀, àfi pé kò lè da ọta jáde wàràwàrà. Bí o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ló máa jáde.

Mẹ́ta ló gbé yẹ̀ wò. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní M1A, rẹwà, igi ni ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n Delbert ní bí òjò bá ti rin igi, ọta rẹ̀ kò ní ba àmì mọ́. Ti Jámánì kì í kọ ìdọ̀tí, àmọ́ ó ń gbá ni léjìká bí ìbaaka. Èyí tó kù ni FAL, tí àwọn ará Belgium ṣe, tí sójà ilẹ̀ púpọ̀ ti gbé jagun. Orí rẹ̀ ló fàbọ̀ sí. Ó kàwé nípa rẹ̀, ó pe àwọn tó ti lò ó lórí fóònù, ó mọ gbogbo irin inú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọ̀kan rí.

Nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin, Noreen, ló ti ń jẹun ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ló ti ń ròyìn FAL, láti orí ọbẹ̀ títí dé orí kọfí. Orrin Haugen, ọkọ Noreen, tó ń gbin àlìkámà, á máa jẹ ẹran rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan ó ní ìbọn tí bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun ṣì ń pa ẹran. Delbert dá a lóhùn pé ẹni tí kò lò ju ọ̀kan lọ rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ràn ara wọn rí, Noreen ló so wọ́n pọ̀.

Ní oṣù Kẹrin, Wade tó ń ta ìbọn nílùú pe Delbert pé FAL kan ti dé, ẹni tó ni ín ló kó lọ sí Arizona. Ẹnu kànga ni Delbert wà, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ó bẹ Wade kó bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí ìbọn lára ògiri. Wade ń nu tábìlì tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní Orrin ti wá rà á lọ́jọ́rú, ó ní ẹbí kan náà ni wọ́n, òun rò pé wọ́n ti jọ sọ ọ́.

Delbert wakọ̀ tààrà lọ sí oko Orrin. Ó bá a lẹ́yìn ilé, FAL náà wà lórí imú ọkọ̀ rẹ̀.

"O mọ̀ pé èmi ni mo ń retí ìbọn yẹn."

"Mo mọ̀." Orrin kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọdún kan lo fi ń wàásù rẹ̀ lórí tábìlì mi, tí ẹran mi wà lẹ́nu rẹ. Mo ní kí n fojú ara mi rí i."

"Tà á fún mi."

"Mi ò tà á."

"O ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, Orrin. O ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n," ni Orrin wí. "Èmi ni mo ni ín."

Delbert padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún, Orrin gbé ìbọn náà wá sí pápá tí àwọn ará ìlú ti ń yìnbọn mọ́ àmì. Ọta àkọ́kọ́ jáde. Èkejì kò wọlé, nítorí páànù àkọ́kọ́, ìyẹn èèpo irin tí ọta ti jáde kúrò nínú rẹ̀, kò fò jáde tán. Irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìbọn fún un mọ́ ẹnu ihò, páànù náà dúró ṣánṣán bí ìka. Orrin yọ ọ́, ó tún yìn ín, ó tún há. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ilẹ̀ fi kún fún páànù tó ti tẹ̀. Ẹnì kan sọ Orrin ní Ọta-Kan. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Ó pààrọ̀ àpò ọta, ó pààrọ̀ ọta fúnra rẹ̀, ó rọ epo sí i títí epo fi ń kán. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Láti Sátidé àkọ́kọ́ yẹn ni Delbert, tó wà lára àwọn tó ń wòran, ti mọ ohun tó ń ṣe ìbọn náà. Òrùka kékeré kan wà nítòsí iwájú ọ̀pá ìbọn náà, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Òun ló ń pín afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti inú ẹ̀tù jáde: èyí tó máa lọ dànù, àti èyí tó máa ti irin sẹ́yìn kí páànù lè fò. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣí i jù. Láàrin ìṣẹ́jú kan péré, èèyàn lè fi orí ọta lásán yí i padà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gbé àga rẹ̀ wá ní gbogbo Sátidé, ó ń mu kọfí, ó ń wòran. Ó dùn mọ́ ọn ju kó jẹ́ pé òun ló ni ìbọn náà lọ. Ó tiẹ̀ sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé bóyá ìbọn náà mọ irú ẹni tó gbé e. Ní ọjọ́ kejì, á lọ jẹun nílé Orrin, á bu ọ̀dùnkún, á sì bèèrè bóyá òjò máa rọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ, irin gé Orrin ní àtàǹpàkò níbi tó ti ń yọ páànù. Ẹ̀jẹ̀ dà sára ìbọn. Ó ju FAL náà sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Noreen wà níbẹ̀, ó gbé búrẹ́dì àti ẹran wá. Ó fi aṣọ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì rìn tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Kí ló ń ṣe ìbọn yẹn?"

Delbert ní kó lọ bi ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ ni mo bi. Gbogbo èèyàn ń wo Orrin. Ìwọ nìkan ló ń wo ojú kan ṣoṣo lára irin yẹn."

Delbert rò ó pé òun á purọ́, ṣùgbọ́n kò rí irọ́ pa fún un. Ó sọ ọ́ fún un.

Noreen gbé ìbọn náà jáde, ó nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó fi orí ọta yí òrùka náà díẹ̀díẹ̀, ó ń yin ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dé ẹ̀yìn pátápátá, ó tún yí òrùka náà ní nọ́ńbà méjì sí i. Ó wá ki ogún ọta sí i, ó sì yìn wọ́n tán. Páànù ń fò gba ọ̀tún, wọ́n ń bọ́ sójú kan náà nínú koríko. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Orrin bi í pé ta ló kọ́ ọ. Noreen fi àgbọ̀n júwe Delbert. Nígbà tí Orrin ń bọ̀, Delbert dìde, ó ti múra ìjà. Orrin kàn dúró níwájú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Orrin lọ jókòó sínú ọkọ̀.

"Ohun tí Orrin ṣe fún ọ kò dáa," ni Noreen wí, "mo sì sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó rà á. Àmọ́ oṣù mẹ́ta lo fi jókòó ní tábìlì mi, tí ò ń wò ó bí ìka rẹ̀ ṣe ń bó. Má wá ní Sọ́ńdè mọ́."

Delbert rò pé àwàdà ni. Ó lọ ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Noreen ṣí ilẹ̀kùn, ó wò ó, ó sì tì í padà.

Nígbà ìkórè, Delbert rí FAL tirẹ̀ rà láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìbọn gidi ni. Orrin padà sí ìbọn bàbá rẹ̀, Noreen ló ń yin FAL ilé wọn báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n yìn ju ọkùnrin lọ. Nítorí náà Delbert kì í lọ sí pápá mọ́. Inú odò gbígbẹ lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló ti ń yin tirẹ̀, lóun nìkan, á sì ṣa páànù rẹ̀ délé.

Ó pàdé ọkọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà eléruku. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, ó gbé ìka kan sókè lórí ìdarí ọkọ̀ láti kí wọn. Orrin kò gbé tirẹ̀. Noreen tó jókòó tì í ń wo iwájú, ọkọ̀ náà sì kọjá, eruku rẹ̀ bo gíláàsì ọkọ̀ Delbert tó fi ní láti dúró.