Adìyẹ Tó Yẹ Ká So

Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, òjò ọdún 2008 ti jẹ ìdí ògiri ilé wọn tán. Nùrẹ́nì, ọkọ mi, lọ mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní Ìgàndó. Mo lọ pàdé wọn ní Ìyànà Ìpájà. Ẹrù méjì péré ni Màmá gbé sọ̀ kalẹ̀: ìdì aṣọ kan, àti agbọ̀n ńlá kan tí adìyẹ márùn-ún wà nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n gba ìdì aṣọ. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan agbọ̀n.

Ilé tiwa náà kò tíì parí nígbà náà. Yàrá méjì la rẹ́, yàrá ẹ̀yìn kò ní fèrèsé, páànù la sì fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ìdáná. A fún Màmá ní yàrá tó dára jù. Wọ́n gbé ìdì aṣọ wọn sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, wọn ò tú u. Bí wọ́n bá jókòó, etí àga ni wọ́n ń jókòó sí.

"Màmá, ẹ jókòó dáadáa," ni Nùrẹ́nì wí.

"Adìyẹ tó dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ló fi ń dúró. Mo kàn wá wò yín ni. N óò padà."

Nígbà tó ku èmi àti Nùrẹ́nì nìkan, ó ní, "Aasiyah, jọ̀ọ́, bá mi wá ọgbọ́n dá sí i. Bí wọ́n bá padà, ògiri yẹn á wó lù wọ́n. Kò sì sẹ́ni tó máa pọnmi fún wọn níbẹ̀."

Èmi náà ní adìyẹ: àgbébọ̀ méje àti àkùkọ kan. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn pupa, ó sì sanra. Bí kò bá tíì jẹun, òmíràn kò gbọdọ̀ jẹun. Nùrẹ́nì ló sọ ọ́ ní Ìyálọ́jà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ya àkísà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì so àwọn adìyẹ tiwọn lẹ́sẹ̀ mọ́ ìdí igi máńgòrò tó wà láàárín ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe fún adìyẹ tuntun, kó lè mọ ilé, kó má baà sá lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ní adìyẹ tẹ́lẹ̀ lèyí dára fún.

"Màmá, ṣé ká kúkú kọ́kọ́ kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn? Tèmi níkà díẹ̀."

"Ìyàwó mi, kí ìyá ẹ tó mọ ọkọ ni mo ti ń sin adìyẹ."



Mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Ìyálọ́jà ti kó àwọn tó kù sẹ́yìn, ó di ìdí máńgòrò. Adìyẹ tí wọ́n ń ṣá, bó bá ráyè sá, ìjà á parí. Èyí tí a so kò rí ibi sá sí. Àkísà ti wé mọ́ àgbébọ̀ dúdú kan tó ní àmì funfun tótòtó, èyí tí Màmá ń pè ní Ẹtù. Ìyálọ́jà gùn ún lẹ́yìn, ó ń ṣá a lógbe. Màmá ju bàtà, wọ́n da omi. Kí a tó lé Ìyálọ́jà kúrò, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú Ẹtù.

Màmá gbé e sórí itan. "Bàbá Nùrẹ́nì ló ra ìyá èyí fún mi." Ohùn wọn ò ròkè. "Ilé yín ò gbà wá. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ lọ́la."

Mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, mo nu ogbe Ẹtù, mo fi òrí pa á. Mo wá ha dúdú ìdí ìkòkò, mo fi kùn ún.

"Kí lèyí wà fún?"

"Kí àwọn tó kù má baà rí pupa, Màmá. Bí adìyẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀, kì í jáwọ́."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ta adìyẹ ní Ìkòtún. Oríṣiríṣi ibi la ti ń kó wọn pọ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣá pa, ebi la fi ń sùn lọ́jọ́ náà."

Mo rò ó dáadáa kí n tó sọ èyí tó kàn.

"Màmá, síso tí ẹ so adìyẹ dáa. Èyí tó yẹ ká so gan-an la ò so. Ẹ jẹ́ ká so Ìyálọ́jà."

"Tìẹ?"

"Tèmi. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi so ó. Ó mọ̀ mí jù, kò ní gbà fún mi."

Màmá wò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. "Ká so Ìyálọ́jà fúnra rẹ̀? Kí la máa wá sọ fáwọn ọlọ́jà?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọn ò dárúkọ mọ́tò. Wọ́n so Ìyálọ́jà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí kò ti ní rí àwọn yòókù. Nùrẹ́nì, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, fi àjákù irin àti nẹ́ẹ̀tì dá ọgbà sí méjì: tèmi lápá kan, ti Màmá lápá kejì. Màmá ló ní ká máa da eèrí ògì sí ìdí nẹ́ẹ̀tì níhà méjèèjì, kí wọ́n máa wo ojú ara wọn jẹun.

Nígbà tí kò sí èyí tó ń fò mọ́ nẹ́ẹ̀tì mọ́, a kó gbogbo wọn sí yàrá ẹ̀yìn tí ìkankan nínú wọn ò sùn sí rí. A da ọkà síbi púpọ̀. Kò sí onílé níbẹ̀, kò sí àlejò. Àkùkọ yan káàkiri, ó kọ, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn la tó tú Ìyálọ́jà. Ó rọra wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń wò yíká. Ẹtù tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n na ọrùn, wọ́n fò lu ara wọn. Mo ti fẹ́ sáré lọ, ni Màmá bá di ìró mi mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí èyí tí a so nínú wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ."

Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Ìyálọ́jà yí ẹ̀yìn padà, ó lọ ṣá ọkà jẹ lẹ́bàá ògiri.

Síbẹ̀, ìdì aṣọ Màmá wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ńṣe ni mo ń gbá yí i ká.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Nùrẹ́nì fẹ́ gbé agbọ̀n tí Màmá fi kó adìyẹ wá kúrò lọ́nà.

"Má fọwọ́ kàn án!" Màmá ké láti inú yàrá.

Ẹtù ló wà nínú agbọ̀n, ó fẹ ìyẹ́, ó sàba. Ẹyin abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mo dá ti Ìyálọ́jà mọ̀, torí ó máa ń tóbi.

"Àtọ́kẹ́ ìyá mi," Nùrẹ́nì fi oríkì Màmá pè wọ́n, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, "kí lẹ wá máa fi kó adìyẹ padà sílé?"

"Ta ló ń gbé adìyẹ tó sàba wọ mọ́tò? O ò gbọ́n ṣá, ọmọ yìí." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, afẹ́fẹ́ ń wọ ibí jù. Bá mi gbé ìdì aṣọ yẹn wá, ká rí nǹkan fi bò ó."

Mo gbé e wá. Màmá jókòó sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì tú u.