Òórùn Ẹ̀wù Ọláyanjú

“Wùmí! Ṣé o ò gbóòórùn ni? Ẹ̀fọ́ ti ń jóná!”

Ọmọ́wùmí ta gìrì. Ìdí ìkòkò gan-an ló dúró sí, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín ti gba gbogbo kíṣíìnì. Ó yára pa gáàsì.

“Ẹ má bínú, Màmá. Ó rẹ̀ mí ni.”

Kò purọ́. Láti àná tó ti ti ibi iṣẹ́ dé, láti ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ní Ìsọlọ̀, ni gbogbo oríkèé ara ti ń ro ó, tí ọ̀nà ọ̀fun ń yún un. Ibà ló pè é. Oògùn ibà ló lò sí i.

Ìyá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. “Ìwọ tó jẹ́ pé láti géètì lo ti ń gbóòórùn lọ́fíńdà Ọláyanjú ọkọ rẹ! Òkè ẹ̀fọ́ yẹn ṣì ṣe é jẹ. Gbé e wá, ká jọ jẹ ẹ́.”

Tẹ́lẹ̀, Màmá kì í fẹnu kan ọbẹ̀ rẹ̀. Àfìgbà tí Ọláyanjú gbé tírélà lọ sí Kánò ni àwọn obìnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú àwo kan náà.

Ọ̀rọ̀ òórùn yẹn kò kúrò lọ́kàn Ọmọ́wùmí. Ó wọ yàrá, ó fa ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, èyí tó kọ̀ láti fọ̀ kí òórùn olówó orí rẹ̀ má baà lọ. Ó fi bo imú. Òfo. Ó fi Róòbù síhò imú. Omi dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n imú kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó rántí ohun tí rédíò ń kéde nípa ẹni tí kò bá gbóòórùn mọ́. Ó tún gbọ́ bí àyà Màmá ṣe ń han fíì-fíì ní pálọ̀; ikọ́ fée kì í fi í sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

“Màmá, ẹ dá jẹun. Ó jọ pé kòrónà ló ń ṣe mí.”

“Kòrónà wo? Ṣé o wọ bàálù ni? Sọ pé ó ti sú ọ láti bá mi jẹun.”

“Màmá, mo fi ẹ̀wù Ọláyanjú símú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Ohùn Màmá wálẹ̀.

“A mà jọ jẹun lánàá.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, mà. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà tí wọ́n ń kéde.”

Nígbà tó yá, àwo dún nílẹ̀. “Tìrẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́ kí n padà sídìí àga mi kó o tó ṣílẹ̀kùn. Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún ọkọ rẹ kó má tíì wọlé tó bá dé lọ́la.”

Ọmọ́wùmí jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀wù lọ́rùn, ó ń jẹ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò mọ adùn rẹ̀.

“Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn, mà.”

“Irọ́,” ni Màmá wí. “Ó jóná.”