Ìkarahun Funfun Ti Quadri

Ó ti pẹ́ tí Azeezat ti ń lá àlá yìnyín. Nínú àlá náà, ọ̀sà ẹ̀yìnkùlé wọn á dì gbagidi, á funfun báláú títí dé ibi tí ojú lè rí i mọ, ẹja á sì máa wò ó láti abẹ́ yìnyín náà, tútù yọ̀yọ̀, kò ní jẹrà láéláé. Bó bá wá jí, òórùn ẹja àná ni yóò kọ́kọ́ kí i káàárọ̀.

Ẹja ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní abúlé wọn lẹ́yìn Ajah, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú ọ̀nà tó ku iyanrìn nìkan, òun ló ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, tó ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Thomas Estate. Awoyaya ni wọ́n ti ń ra yìnyín, kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti di omi. Ọ̀pọ̀ ọjà rẹ̀ ló ń padà sínú ọ̀sà. Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, ọdún tó ń bọ̀ lè máà bá a nídìí ẹja mọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí rán Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi wá wo abúlé wọn, ṣe ló dà bíi pé àlá náà ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ọkùnrin náà jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó ń nu òógùn ojú.

"Àǹtí, mi ò ní parọ́ fún yín," ó ní. "Iye èèyàn tí ìjọba kà ní 2006 la ní lọ́wọ́. Tá a bá ní ká tẹ̀ lé e, ẹ ò tó ẹni tá a lè kọ́ yàrá yìnyín fún. Awoyaya lọ̀gá mi fẹ́ gbé e sí."

"A ò tó kẹ̀? Ẹ ṣáà wo ìta!"

"Mo rí i. Ọ̀gá mi ni kò rí i. Tí ẹ̀rọ bá kéré jù, ẹja yín á ṣì máa jẹrà. Tó bá tóbi jù, epo jẹnẹrétọ̀ nìkan á lé wa lọ. Iye yín gan-an ni mo fẹ́ gbé lọ bá wọn."

Ta ni kò mọ ohun tó jẹ́ kí iye wọn kéré nínú ìwé ìjọba ní abúlé náà? Lọ́dún 2006 yẹn tí àwọn akànìyàn ìjọba wá, ṣe ni àwọn ìyá kó ọmọ wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní kí wọ́n lọ dúró láàárín ọ̀sà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọmọ wọn. Azeezat wà nínú ọkọ̀ náà. Ó ṣì rántí ìkùukùu tó bò wọ́n, àti bí àwọn ọmọdé ṣe ń fọwọ́ bonu rẹ́rìn-ín bíi pé eré ni. Quadri, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn Ìyá wọn, nìkan ni kò lọ. Ibà ń ṣe é, orí ẹní ni akànìyàn bá a, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, Quadri ti kú.

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé nínú gbogbo ọmọ Ìyá, èyí tó kú nìkan ni ìjọba mọ̀.

Azeezat lọ bá Baálẹ̀ Akínsànyà. Bàbá ní ẹnu ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ka ọmọ ní abúlé òun.

"Ẹnikẹ́ni ò ní kà wọ́n, Bàbá. Kí ilé kọ̀ọ̀kan kó ìkarahun ìsáwùrú wá, ẹyọ kan fún ẹni kan tó ń gbé inú ilé náà. Ìkarahun ni ọkùnrin yẹn á kà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Baálẹ̀ nínú, ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Azeezat dé ilé, Ìyá ò fẹ́ gbọ́.

"Ẹ̀rù ọmọ kíkà ṣì ń bà yín, Ìyá?"

"Ẹ̀rù kọ́." Ìyá kọjú sí ọ̀sà. "Quadri ṣì wà láàyè níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ṣì ń kà á mọ́ wa. Bí ẹ bá tún òmíràn kà, ta ni yóò kà á?"

Àánú Ìyá ṣe Azeezat débi pé ó fẹ́ ní kí yìnyín máa lọ sí Awoyaya.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkùukùu bo etí omi. Àwọn èèyàn ń yọ jáde látinú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń da ìkarahun sórí ẹní. Baálẹ̀ ru odidi agbọ̀n ìkarahun kan wá.

"Bàbá, gbogbo èyí?" ni Fọláránmi wí.

"Àwọn ọmọ mi tó wà n'Íjẹ̀bú ńkọ́? Àwọn tí ìyàwó wọn máa bí ńkọ́?"

"Àwọn yẹn ò ní jẹ ẹja yín, Bàbá. Tá a bá ṣe yìnyín fún ẹni tí kò sí, a ó tì í pa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ máa jìyà ẹ̀."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tirẹ̀ padà.

Ìyá ló dé kẹ́yìn. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó da ìkarahun ilé wọn sílẹ̀. Azeezat fojú kà wọ́n. Iye náà pé géérégé. Àfi bó ṣe rí ọ̀kan tó funfun láàárín wọn, èyí tí Quadri máa ń gbé sétí láti fi gbọ́ ariwo òkun. Bí ti Quadri bá wà níbẹ̀, tí iye náà sì pé, ta ni kò sí níbẹ̀?

Ó gbójú sókè wo Ìyá. Ìyá gbé ojú kúrò.

Fọláránmi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Azeezat lè dákẹ́. Iye náà ò yí padà, yìnyín á sì dé. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ó mú ìkarahun funfun náà, ó fi sí Ìyá lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òmíràn nínú iyanrìn, ó fi í sáàárín tàwọn ará ilé.

"Tiyín rèé, Ìyá," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wa."

Ìyá di ìkarahun Quadri mú. Ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì jókòó ti Azeezat títí wọ́n fi kà á tán.

Yàrá yìnyín ti dé abúlé náà báyìí, ó sì ṣe déédéé iye wọn. Azeezat ò lá àlá yìnyín mọ́. Ọkọ̀ tó kún fún ọmọdé láàárín ọ̀sà ló ń rí lójú àlá báyìí, Quadri wà láàárín wọn, Ìyá sì dúró létí omi, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Gbogbo wọn á sọ̀ kalẹ̀. Quadri nìkan ló máa ń jókòó sínú ọkọ̀, á máa juwọ́ sí wọn.