Ilé Tó Mọ́ Jù

Ilé tí bàbá Ìyá Alágbàfọ̀ kọ́ dàgbà ju gbogbo ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì gbẹ́ òdòdó sára igi fèrèsé rẹ̀. Bí Ìyá ṣe ń fọ aṣọ oníaṣọ náà ló ń fọ ògiri: ọṣẹ, kànìnkànìn, omi, orin. Ilé ń dán gbinrin.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ìjọba. Wọ́n ní àwọn ń la títì gba àdúgbò, ṣùgbọ́n àwọn ò ní wó ilé àtijọ́ kankan. Àwọn á kan pátákó mọ́ ọn, òfin á sì máa ṣọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n rán wá, Olójú-Dígí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó yọ dígí mìíràn lápò, ó fi wo ògiri, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Màmá, ilé yìí ò tíì pẹ́."

"Kí ni ò tíì pẹ́? Yàrá yẹn ni wọ́n bí mi sí!"

"Ilé àtijọ́ máa ń dọ̀tí, Màmá. Ẹ wo tiwájú yẹn." Ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ ló nawọ́ sí, èyí tí wọ́n kọ́ ní èṣí, tí èéfín ti sọ di dúdú. Ibẹ̀ ló kan pátákó mọ́. Ó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri Ìyá: WÓ O.

Àbúrò Ìyá, bíríkìlà, dé nírọ̀lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká da ìdọ̀tí sí i lára."

"Èmi! Sára ilé bàbá mi?"

"Ìdọ̀tí àbí katakata tó máa wó o, ẹ mú ọ̀kan."

Ìyá kọ́kọ́ bínú, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ èédú, wọ́n fi ẹrẹ̀ pò ó, wọ́n fi í ra ògiri títí tí ọ̀dà pupa fi pòórá. Orin ò sì kúrò lẹ́nu Ìyá:

*Èédú, gorí ògiri,*
*kó o sọ ilé darúgbó,*
*ọ̀mọ̀wé ń bọ̀ wá wò ọ́,*
*èédú, jọ̀wọ́ má rẹ́rìn-ín.*

Nígbà tí Olójú-Dígí padà dé, ńṣe ló lanu. "Màmá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo dáwọ́ ọṣẹ dúró ni."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ọṣẹ ló ń bo ìtàn mọ́lẹ̀!" Ó kan pátákó gbàgbàgbà: ILÉ ÀTIJỌ́. ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ WÓ O.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá gbé korobá jáde. Ó ti fọ ìdajì ògiri nígbà tí Olójú-Dígí sáré dé.

"Ẹ dúró! Màmá, ẹ ń fọ ìtàn dànù!"

"Èédú ni, ọmọ mi. Èmi àti àbúrò mi la lọ̀ ọ́."

Olójú-Dígí fi ìka ra ògiri, ó wo dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ó yá, yọ pátákó rẹ. Kó o lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé èédú lo fi dígí wò tó o pè ní ìtàn."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Màmá mi, ẹ má pariwo. Pátákó ò ṣeé yọ mọ́, mo ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ bá mi fi ẹ̀gbẹ́ pátákó nìkan sílẹ̀."

"Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ."

Alágbẹ̀dẹ pariwo láti òdìkejì: "Ìyá, ẹ má tú tèmi o! Òfin ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi!" Ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹmú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mọ́tò ọ̀gá ṣe yọ ní kọ̀rọ̀, Olójú-Dígí fẹ̀yìn ti ibi tó ti mọ́, ó na apá méjèèjì bí ẹ̀ka igi àràbà, ó fẹ́ fi ara bò ó. Omi dúdú ń ṣàn bọ̀ láti òkè, ó ń wọ inú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

"Sún díẹ̀, àràbà," ni Ìyá wí. Ó fọ ògiri abẹ́ apá ọ̀tún rẹ̀, ó fọ ti òsì, ó sì gbé orin mìíràn.