Irọ́ tí Mùyìbátù Pa ní Ìlerò

Ariwo ni Mùyìbátù kọ́kọ́ gbọ́ kí ọ̀kadà tó gbé e wá láti Ìsẹ́yìn tó dúró. Èrò ti kún iwájú ilé ìkẹ́rù kajú Alájà Àdìjátù. Wọ́n de ọkùnrin kan lọ́wọ́ sẹ́yìn sórí ilẹ̀ láàárín wọn, wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú.

Ní ìdájí ni wọ́n bá òkú Sàlàkọ́, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù náà, lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ṣá a pa, àpò kajú mẹ́rìnlá sì ti lọ. Wàsíù ọlọ́kadà, tí òun àti olóògbé jà lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni wọ́n lọ wọ́ jáde nílé rẹ̀.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, èmi kọ́!" Ẹnu rẹ̀ tó ti wú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já gaara.

Ládòkun, ẹ̀gbọ́n Sàlàkọ́, fi ẹ̀yìn àdá gbá a lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ti ń ṣí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò.

Mùyìbátù mọ ohun kan tí àwọn yòókù kò mọ̀. Òun ló ń tún kọ̀ǹpútà ilé ìkẹ́rù náà ṣe, èyí tó ń tọ́jú gbogbo àwòrán tí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà bá yà. Lọ́sàn-án àná ló yọ pírósẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́, ó fi tuntun tó yára jù ú lọ sí i. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ náà kò ti tàn mọ́. Ó fi í sílẹ̀, ó padà sí Ìsẹ́yìn. Kámẹ́rà kò rí ẹni tó pa Sàlàkọ́.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́ òórùn bẹntiróò, ẹnu rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ kó tó rò ó.

"Ẹ dúró! Ojú ẹni tó pa á wà nínú ẹ̀rọ! Ẹ jẹ́ n tan án, kí gbogbo yín fojú ara yín rí i!"

Ládòkun wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Bí ẹ̀rọ yẹn ò bá tàn, ìwọ náà á wọ táyà."

Bí wọ́n ti ń wọlé, Alájà sọ ọ́ sí Mùyìbátù létí wúyẹ́wúyẹ́ pé ọlọ́pàá ti ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn.

Mùyìbátù tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, iná pupa kékeré kan tàn, ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Mùyìbátù ti rò ó dé ìdí nínú ọkọ̀ lánàá: pátákó inú ẹ̀rọ náà ti gbó ju pírósẹ́sọ̀ tuntun lọ, kò dá a mọ̀. Bí ó bá dá ti àtijọ́ padà, ẹ̀rọ á tàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ti àtijọ́ náà wà nínú báàgì rẹ̀. Kò mú un jáde. Ó yọ mẹ́mọ́rì, ó fi aṣọ nù ún, ó tì í padà sáyè rẹ̀. Ó tú wáyà, ó tún un so. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì dúdú.

"Kò tàn," ni Ládòkun wí. Ó yọrí lójú fèrèsé. "Kò tàn o!"

Igi ró lára èèyàn níta. Wàsíù ké bí ẹran. Mùyìbátù gbọ́ bí egungun ṣe dá.

Ó tún yọ mẹ́mọ́rì. Ó tún tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n tún lu Wàsíù. Nígbà kẹta, kò lè ké mọ́, ó kàn ń kérora ni. Ìdádúró tí Mùyìbátù fẹ́ fi gba ẹ̀mí ọkùnrin náà là ni wọ́n fi ń lù ú pa lọ.

Ládòkun di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú. "Àgbẹ̀ ni mí, n kì í ṣe òmùgọ̀. Kí lo yí padà kó tó di pé kò tàn mọ́?"

"Ọpọlọ rẹ̀ ni, bọ̀dá."

"Èyí tí o yọ dà?"

Mùyìbátù fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ládòkun da báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó rí i nínú ọ̀rá. "Dá a padà."

Ó dá a padà. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀.

Àwòrán tó kẹ́yìn jáde. Sàlàkọ́ ló jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kámẹ́rà kò mú. Ládòkun fìka kan ojú àbúrò rẹ̀ lórí gíláàsì, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Kò sí. Láti aago méjì àná ni kò ti yàwòrán mọ́."

Ládòkun gbé àdá. Mùyìbátù fi apá òsì bo orí. Ẹ̀yìn àdá ló bà á. Egungun apá rẹ̀ ṣẹ́, ó ṣubú lulẹ̀. Ládòkun sáré jáde, ojú àdá ló fi ṣá Wàsíù léjìká. Ó tún ti gbé e sókè kí ìbọn tó dún lójú títì, ẹ̀ẹ̀mẹta, sójú ọ̀run. Èrò fọ́n ká. Ọlọ́pàá mẹ́rin ló para pọ̀ kí wọ́n tó rí àdá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàsíù kò kú. Ojú rẹ̀ kan fọ́, kò sì lè gun ọ̀kadà mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n mú ọkùnrin méjì ní Irawo pẹ̀lú kajú náà àti fóònù Sàlàkọ́. Wọ́n jẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n gba onídùúró Ládòkun, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Mùyìbátù ní Ìsẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ń wo apá tí wọ́n dì.

"Lọ́jọ́ yẹn tí o parọ́ fún mi," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé Wàsíù kọ́ ni?"

"N kò mọ̀, bọ̀dá. Mo tiẹ̀ rò pé ó lè jẹ́ òun."

Ládòkun mi orí. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà gáréèjì lọ.