Adágún Tí Àdìjá Kò Tètè Wò

Àdìjá ò kórìíra ìgbafẹ́. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn èèyàn nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìsẹ́yìn wá sí Èkó, tó gba ìsọ̀ kékeré kan ní Ọjà Àlàbá, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta fáànù àti ẹ̀rọ ìlọta, kò sí ọjọ́ tí kò rò ó pé bí òun bá yẹsẹ̀ pẹ́rẹ́n, oníbàárà tí òun ti ń retí ni yóò dé tí yóò bá ìlẹ̀kùn ní títì.

Ọkọ rẹ̀, Yínúsà, kò rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni. Ní Iba ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama nípa ilẹ̀ àti omi, bí òkè ṣe ń di òkè, bí odò ṣe ń wá ọ̀nà tirẹ̀ dé òkun. Èèyàn tó lè dúró lójú títì kó máa wo ìkùukùu ni. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ìwà yìí ló wu Àdìjá lára rẹ̀. Nígbà tó yá, òun kan náà ló ń bí i nínú.

Ọdún kan wà tí Yínúsà kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan tí ìjọba ṣe sí etí adágún, lẹ́yìn ìlú Ọ̀jọ́, níbi tí ilé ti ń dín kù tí igi àgbọn sì ń pọ̀ sí i. Inú àwọn ilé onípákó kéékèèké tó kọjú sí omi ni wọ́n sùn sí. Nígbà tó padà dé, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ó ní ní ìdájí, ìkùukùu á bo gbogbo omi náà bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ funfun lé e lórí. Tí oòrùn bá wá ń yọ, aṣọ náà á máa ká kúrò díẹ̀díẹ̀, omi á yọjú, á mọ́ gaara, àwọn lékeléke á sì máa rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe dúró níbẹ̀, Àdìjá nìkan ló wá sí òun lọ́kàn. Ó ní dandan ni kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Àdìjá rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára, kí ọjà ọdún kọjá ná.

Ọjà ọdún kọjá, òmíràn dé. Hikmat, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, jáde girama, ó wọ yunifásítì, ó lọ́kọ, ó bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Ìbàdàn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí ọ̀rọ̀ adágún bá ti yọ lẹ́nu Yínúsà, ọjà á ti gba iwájú rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó tún dá a sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni kọ̀nténà ń bọ̀ láti èbúté. Kò jà. Yínúsà kì í jà.

Ọ̀kan wà nínú gbogbo rẹ̀ tí Àdìjá kì í fẹ́ rántí. Ọyẹ́ ń mú lọ́wọ́. Yínúsà ti rọra fi fóònù gba yàrá sílẹ̀ níbẹ̀, ó ti di aṣọ àwọn méjèèjì sínú báàgì kan, Àdìjá pàápàá sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, Christiana tí wọ́n jọ ń pín ògiri ìsọ̀ pè é. Ó ní fáànù tí gbogbo Àlàbá ń wá kiri ti balẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò kó o. Àdìjá bọ́ aṣọ ìrìn àjò, ó wọ ti ọjà. Yínúsà dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá kò lè rán ẹlòmíràn lọ. Ó ní ti ọ̀tẹ̀ yìí jẹ òun lógún.

"Bàbá Hikmat, omi lásán ni," Àdìjá dáhùn. "Ṣé omi máa ń sá lọ ni? Bí a bá débẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé a ò ní bá a níbẹ̀ ni?"

Yínúsà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni ìwò náà tó yé Àdìjá: ìwò ẹni tó ń kọ́ ojú èèyàn sórí ni.

"Omi ò ní sá lọ, lóòótọ́," ni Yínúsà sọ, ó sì gbé báàgì padà sí yàrá.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Àdìjá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nǹkan kan tí kò yé e. Yínúsà á da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Á fẹsẹ̀ kọ àpótí tó ti wà lójú kan náà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ó pa ọkọ̀ wíwà tì, ó ní epo ti wọ́n jù. Ìwé ìròyìn tí kì í fi ṣeré, rédíò ló fi rọ́pò rẹ̀. Àdìjá ń bá a wí pé kì í fara balẹ̀ mọ́, pé ó ti ń fi kùtùkùtù di arúgbó. Yínúsà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbá a ní Okokomaiko níbi tó ti ń sọdá títì. Ọgbẹ́ náà kò pọ̀. Apá rẹ̀ bó, orúnkún rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i lójú, ó tún un tàn, ó wá yíjú sí Àdìjá, ó bi í pé láti ìgbà wo ni ojú bàbá ti wà báyìí. Obìnrin tó lè sọ ọjọ́ tí fáànù kọ̀ọ̀kan wọ ìsọ̀ rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ojú ọkọ rẹ̀ ń kú lọ. Ti ọ̀tún ti lọ pátápátá. Ti òsì, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì ló kù níbẹ̀, ìyẹn náà ò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Dókítà ní àìsàn náà kì í dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jí ìríran gbé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń pa ìlẹ̀kùn dé.

Hikmat sáré wọ Èkó. Ìyá rẹ̀ rò pé ẹkún ni yóò kọ́kọ́ sun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ya ọmọ náà lẹ́nu. Ibẹ̀ ni Àdìjá ti fura. Ó fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ní kó sọ ohun tó mọ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ni Hikmat sọ. "Ó ti pẹ́ tí Dádì ti mọ̀. Wọ́n ń lo oògùn, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún wọn pé ohun tó bá ti lọ kì í padà. Dádì ní kí n má sọ fún yín."

Àdìjá bi í pé kí ló dé. Hikmat wo ilẹ̀.

"Nígbà ọyẹ́ yẹn, dókítà ti sọ fún Dádì pé kó tó di òjò, ojú á ti lọ. Wọ́n fẹ́ bá yín rí adágún yẹn kí ojú tó lọ. Mo ní kí wọ́n ṣáà ṣàlàyé fún yín, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹ tìtorí àánú tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé ó wù yín láti lọ."

Àdìjá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà padà wá bá a, ó jókòó tì í.

Nígbà tí orúnkún Yínúsà san, Àdìjá kó kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ fún Christiana, ó gba takisí, ó ní àwọn ń lọ sí adágún. Yínúsà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun fá irùngbọ̀n, ó sì dé fìlà tó máa ń dé lọ sí ìgbéyàwó. Ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tó kù lójú òsì ti wọlẹ̀ nígbà náà.

Òjò ti rọ̀ gan-an lọ́dún náà. Ọkùnrin Ègùn kan tó ń jẹ́ Òkè, òun ló ń bójú tó àwọn yàrá àlejò, pàdé wọn lẹ́nu géètì, ó gba ẹrù wọn, ó mú wọn lọ sí ilé onípákó tó sún mọ́ omi jù. Ó fi àga méjì sí iwájú ilé fún wọn. Àdìjá di ọkọ rẹ̀ lápá mú jókòó, ó wá gbójú sókè.

Kò sí omi. Ewé ló wà níbẹ̀. Láti etí adágún títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, ojúoró àti koríko orí omi ti hun mọ́ra, ó tẹ́ rẹrẹ bí pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àlejò ṣeré dúró sáàárín rẹ̀, wọn ò lè lọ, wọn ò lè bọ̀.

"Sọ fún mi," Yínúsà ní. "Báwo ló ṣe rí?"

Àdìjá ní omi náà mọ́ gaara. Ó ní oòrùn ń jó lórí rẹ̀. Ó ní àwọn lékeléke ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yínúsà fúnra rẹ̀ ni, èyí tó sọ fún un lọ́jọ́ sí. Kò ní tirẹ̀ tó lè sọ. Yínúsà tẹ́tí sílẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àdìjá," ó ní. Ìyá Hikmat ló máa ń pè é. Ìgbà tó ti pe orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn ti pẹ́. "Láti ìgbà tí a ti jókòó, mi ò tíì gbọ́ kí omi ó lu etí ilẹ̀. Òórùn ewé ló ń wá sí mi nímú. Kí ló wà níwájú wa?"

Àdìjá sọ òótọ́ fún un.

"Ojúoró ní í lékè omi," Yínúsà ní. "Gbogbo ayé ló ń fi ṣe àdúrà. Àṣé ó lè lékè débi pé a ò ní rí omi mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́.

Ẹ̀rín yẹn ló fọ́ Àdìjá. Ó kúnlẹ̀ sórí pákó iwájú ilé, ó di orúnkún ọkọ rẹ̀ mú, ó ní kó foríji òun, pé ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti ti ìsọ̀ pa. Yínúsà wá orí rẹ̀ kàn, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Èmi náà jẹ̀bi," ó ní. "Mo fẹ́ kí o mọ̀ láìjẹ́ pé mo sọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mi ò fẹ́ kí o purọ́ fún mi, èmi náà ò ní purọ́ fún ẹ. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an."

Àdìjá ti rò pé Yínúsà yóò ní kò sóhun tó burú. Ó ti ń dúró de ìyẹn, kó lè sinmi lé e.

Òkè ti rí i pé inú wọn ò dùn. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó kan ìlẹ̀kùn wọn, ó ní àwọn apẹja ti la ọ̀nà tóóró kan gba àárín koríko náà kọjá, pé omi gidi wà lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́, òun á fi ọ̀pá ti ọkọ̀ débẹ̀. Wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Òkè di Yínúsà mú wọ inú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Ewé ń ha ara ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ń ha á, ó ń ha á, lójijì kò ha á mọ́.

Omi ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Ìkùukùu bò ó láti òkèèrè, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ìkùukùu náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí ẹni ká aṣọ, gẹ́lẹ́ bí Yínúsà ṣe sọ. Àdìjá ò mọ̀ pé òun la ẹnu sílẹ̀. Kò tíì rí nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti wà ní Èkó, takisí lásán ló wà láàárín òun àti ohun yìí.

Yínúsà ti ki ọwọ́ bọ omi. "A ti dé ibẹ̀," ó ní. "Wò ó fún mi."

Àdìjá wá ọ̀rọ̀. Ó lè fi ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé ta fáànù mẹ́ta fún ẹni tó wá ra ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ní ààrọ̀ yìí ahọ́n rẹ̀ wúwo.

"Ó funfun," ó ní. "Ó ń ká lọ. Ó... ó pọ̀."

"Ó pọ̀ báwo?"

"Ó pọ̀ gan-an, Bàbá Hikmat."

Yínúsà fi ọwọ́ tútù náà kàn án lọ́wọ́. "Ó tó," ó ní. "Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Àdìjá nìkan ló rí i, kò sì sẹ́ni tó lè yíjú sí kó sọ pé, ṣé ìwọ náà rí i? Ìgbà náà ló wá yé e pé ohun tí ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún láti gbogbo ọdún yìí kò ju ìyẹn lọ. Òkè fọwọ́ lé ọ̀pá, ó ń wo ibòmíràn.

Yínúsà ní kí wọ́n máa lọ sílé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ní ọjọ́ kan sí i níbẹ̀. Nínú takisí, Àdìjá ní kí wọ́n padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá ti lọ. Yínúsà ní kí Àdìjá máa wá, kó mú Hikmat dání. Ó ní òun ti lọ tòun ná. Kò fi ìbínú sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tún un sọ.

Ní báyìí, kí oòrùn tó wọ̀, Àdìjá á ti ti ìsọ̀ pa, á ti dé ilé wọn ní Iba. Á mú ọkọ rẹ̀ jókòó sí fàráńdà òkè, á máa ròyìn àdúgbò fún un: akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí ọ̀kadà, ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ alágbàtà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń lé kiri láti fọ̀ ọ́ lórí. Ó ti mọ̀ ọ́n sọ gan-an. Nígbà mìíràn Yínúsà á rẹ́rìn-ín, á ní kó tún un sọ, á bi í ní irú àwọ̀ tí aṣọ wọn jẹ́ àti bí ojú wọn ṣe rí. Ohun gbogbo ló ń béèrè. Omi nìkan ni kò bi í léèrè mọ́.